Ládi Ríwáyà àti Òkùnkùn Ifọ̀

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo bá fi irọ́ kan là á, kí eyín mẹ́rin tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi yọ bọ́ sínú ẹ̀kọ àárọ̀ ọ̀la, kí n sì gbé wọn mì.

Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni Ládi Adéyanjú ń ṣe ní Asese, iṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní ríwáyà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni, ó sì mọṣẹ́. Ọkọ̀ tí iná rẹ̀ bá kọ̀ tí kò tàn, Ládi á dẹ etí sí i bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín tọkọtaya, á fa wáyà kan báyìí, iná á sì dé. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yẹn ló ń lé kiri ni, ì bá ti kọ́lé méjì. Ṣùgbọ́n ohun tí Ládi ń lé kiri láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni Abdulrauf Àádùn, olórin fújì.

Kò sí ibi tí Rauf Àádùn ti ṣeré, láti Ṣágámù dé Abẹ́òkúta, tí Ládi kò bá a débẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, òun àti ìyàwó rẹ̀ á jọ ṣe àìsùn ní Redemption Camp. Tó bá di Sátidé, oorun àìsùn kò ní tíì dá lójú rẹ̀ tí á fi ti wà níwájú Rauf, tí á máa gbọn èjìká. Ìyàwó rẹ̀ gbà pé bọ́ọ̀sì ìjọ ló máa ń lọ tún ṣe. Lọ́dún tó kọjá nìkan, bọ́ọ̀sì yẹn bàjẹ́ nígbà mọ́kàndínlógún, awakọ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́ sí i.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dun Ládi. Ẹ ṣáà mọ bí àwọn olórin wa ṣe máa ń ṣe é. Bí orin bá ń lọ, wọn á máa pe orúkọ àwọn tó jókòó, wọn á kì wọ́n, wọn á ṣàdúrà fún wọn, ẹni tí wọ́n pè á sì wú bíi búrẹ́dì inú omi. Láàárín ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yìí, Rauf ti kọrin kí alápatà, ó ti kí awakọ̀ tírélà, ó kí ọkùnrin tó kàn wá kó àga tó fi yá wọn. Kò pe Ládi rí. Bí wọ́n bá kú, wọn á jọ pàdé lọ́run, Rauf á sì bi í pé, "Jọ̀ọ́, ta nìwọ?"

Àwọn olólùfẹ́ Rauf tó wà ní Mowe ní ẹgbẹ́ kan. Orúkọ rẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Ó-Ṣojú-Mi. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni wọ́n ń pàdé, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ní ṣọ́ọ̀bù Folúkẹ́ tó ń ta sóbò tútù. Àwọn onígbàgbọ́ á ti ṣọ́ọ̀ṣì wá pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ abíyá, àwọn mùsùlùmí á dé pẹ̀lú omi àlùwàlá tí kò tíì gbẹ lẹ́sẹ̀, gbogbo wọn á wá máa ròyìn eré tí wọ́n lọ wò. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: eré tí kò bá ṣojú ẹ, o kò gbọdọ̀ ròyìn rẹ̀. Ẹni tó bá parọ́ eré, oṣù mẹ́ta gbáko ni á máa wá jókòó tí kò ní lanu, àfi tó bá fẹ́ mu sóbò.

Lóṣù yẹn, Alága wọn kó lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n wá ní eré tí Rauf fẹ́ ṣe ní Ifọ̀ ń bọ̀ ní Sátidé, ẹni tó bá ròyìn rẹ̀ dáadáa jù lọ́jọ́ kejì ni àwọn á fi jẹ Alága. Ẹ má fojú kékeré wo ipò yìí o. Rauf máa ṣe ọjọ́ ìbí lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì máa gbé tábìlì kan síwájú rẹ̀ fún gbogbo alága ẹgbẹ́. Wọn á kọ orúkọ wọn sínú ìwé, wọn á fi lé Rauf lọ́wọ́, á sì kọ wọ́n lórin lọ́kọ̀ọ̀kan, láìfo ẹnì kan. Látìgbà tí Ládi ti gbọ́ èyí, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, àfi iyán.

Sátidé dé. Ládi wọ léèsì funfun, ó wọ ọkọ̀ mẹ́ta kó tó dé Ifọ̀. Bó ṣe kan ẹnu géètì, ó gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ bí arúgbó. Ọkùnrin kan sáré jáde, òógùn bò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ nǹkan nípa iná níbí?"

Ọkàn Ládi sọ fún un pé: lọ tún un ṣe. Bó o bá tún un ṣe, wọn á mú ẹ lọ kí Rauf. Rauf á ní, "Kí lorúkọ yín, sà?" Ó tán nìyẹn! Ó na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ lọ tọ̀.

Wọ́n mú un lọ sẹ́yìn pèpéle, lẹ́yìn tapólì. Kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí jẹnẹrétọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ládi nu ọwọ́, ó tún fìlà dé, ó ní ó yá, kí àwọn lọ rí Rauf.

"Háà, bàbá, ẹ má lọ o," ọkùnrin náà wí. "Tó bá tún kú ńkọ́?"

Wọ́n gbé àpótí kan fún un, wọ́n fún un ní ìgò mọ́ọ̀tì kan, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yìn tapólì nìkan ni Ládi rí nínú eré yẹn. Kò gbọ́ orin, nítorí jẹnẹrétọ̀ kejì wà létí rẹ̀, èyí tí àwọn ọlọ́tí fi ń gbé fíríìsà wọn, ó ń bú gbàràmù-gbàràmù. Nígbà tí eré dé ìdajì, jẹnẹrétọ̀ tó gbé iná pèpéle kú fin-ín. Òkùnkùn bolẹ̀. Ti àwọn ọlọ́tí kò kú o. Ní Ifọ̀, èèyàn lè má ríran, ṣùgbọ́n ọtí kò gbọdọ̀ gbóná. Ogójì ìṣẹ́jú ni Ládi fi wà lórí ìkúnlẹ̀, tó fi eyín gé tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ mú, tó ń wá wáyà tó já. Nígbà tí iná padà dé, kò sẹ́ni tó wá dúpẹ́. Ó gba ilé lọ, léèsì funfun ti di aṣọ mẹkáníìkì.

Ẹlòmíràn á lọ sọ bó ṣe rí fún ẹgbẹ́. Ládi ronú ẹ̀ títí. Ó ní ta ni á fi ẹni tó jókòó ti jẹnẹrétọ̀ jẹ Alága? Ó ní àti pé inú á ti bí gbogbo ayé sí ríwáyà tó jẹ́ kí òkùnkùn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀; ó sàn kí òun tètè bá wọn bú u, kẹ́nikẹ́ni má bàa fura.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun ló kọ́kọ́ dìde. Ajá Folúkẹ́ sùn sábẹ́ bẹ́ǹṣì, nínú ìtura.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tábìlì iwájú ni mo jókòó sí o. Mo sún mọ́ Rauf débi pé òógùn rẹ̀ ń ta sí mi lójú."

Ajá dìde, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì sọdá sí òdìkejì títì.

"Rauf wọlé bí ọba," Ládi ń bá a lọ. "Iná pupa, iná àwọ̀ ewé, èéfín ń rú lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kọrin, ó jó, ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àfi bí iná ṣe lọ! Ẹ̀yin èèyàn, irú ríwáyà wo nìyẹn? Ta ló kọ́ ẹni burúkú yẹn níṣẹ́? Ogójì ìṣẹ́jú! Ká ní mo rí i lójú, ǹ bá fún un ní ìfọ́tí. Ọwọ́ tó fi di wáyà yẹn mú, kó má rí oúnjẹ dì mú mọ́ láé! Ó bí Rauf nínú débi pé ó ju máíìkì sílẹ̀, ó lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì rẹ̀ títí iná fi dé."

Folúkẹ́ tó ń da sóbò dúró gbagidi, ife kún, ó ṣàn dà sílẹ̀.

Mùnírátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òkìrìkà aṣọ ọmọdé ló ń tà lọ́jà Ifọ̀. Ó fi ọdún méjì ju Ládi lọ, kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé.

"Ládi, Rauf lọ síbo?"

"Inú bọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbọ́n Mùní."

"Wò mí dáadáa. Nígbà tí iná lọ, níbo lo wà?"

"Mo ní tábìlì iwájú."

Mùnírátù pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá gbà mí o! Rauf sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle, ó wá sáàárín wa nínú òkùnkùn. Kò sí máíìkì, kò sí píánò. Agogo kan ṣoṣo ni wọ́n ń lù. Mo ti ń wo eré láti ìgbà tí mo wà ní wúńdíá, mi ò rí èyí tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sunkún, mi ò mọ̀ ọ́n, mo bá a nu imú. Nígbà tí iná sì padà dé, gbogbo èèyàn ló pòṣé!"

"Bẹ́ẹ̀ ni o," Muqtadir wí. Ọmọkùnrin tó ń lẹ táìlì ni, fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo gbà á sílẹ̀. Àwòrán rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ já geere."

Ó tẹ fóònù. Agogo kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà ni ohùn Rauf jáde, ohùn lásán, bí ẹni ń kọrin nínú yàrá:

*Ríwáyà tó wà lẹ́yìn, rọra ṣe é o,*
*iná tó lọ yẹn, jẹ́ kó sinmi díẹ̀.*
*Ojú ò ríra, ọkàn ló ń ríra wọn.*
*Ríwáyà, wáyà ayé ẹ kò ní í já,*
*òkùnkùn tó o fún wa yìí, ó dùn ju iná lọ.*

Àwọn èrò sì ń gbè é: "Ríwáyà, wáyà ayé ẹ kò ní í já!" Ẹgbẹ̀rún ẹnu. Mùnírátù ní odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Rauf fi kí ríwáyà yẹn, ó kí ìyá rẹ̀, ó kí àwọn tí kò tíì bí, ó ní orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù kí òun mọ̀.

Ládi jókòó láìmọ̀ pé òun ti jókòó. Ó tún dìde.

"Èmi ni!"

"Èmi ni kí ni?" Folúkẹ́ bi í.

"Èmi ni ríwáyà yẹn! Ẹ̀yìn tapólì ni mo wà! Èmi ni Rauf ń kí!"

Ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu wọn, wọ́n gbọ́ ọ dé Ibafo.

"Bọ̀dá Ládi," Muqtadir wí, "ṣebí tábìlì iwájú lẹ jókòó sí, tí òógùn ń ta sí yín lójú?"

"Irọ́ ni mo pa!"

"Èwo nirọ́ ńbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́? Ti àkọ́kọ́ àbí ti ìsinsìnyí?"

"Ẹ wo ọwọ́ mi!" Ládi na ìka síta. "Ẹ wo bí èéfín jẹnẹrétọ̀ ṣe sọ ọ́ dúdú!"

"Bọ̀dá, látọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín lìka yín ti dúdú," Muqtadir wí.

"Ìwọ Ládi," Mùnírátù wí, "ṣé ìwọ lo wá ṣépè fún ara ẹ, tó o ní kí ọwọ́ ẹ má rí oúnjẹ dì mú mọ́? Ta ní í ṣe bẹ́ẹ̀? Orúkọ kò ju orúkọ lọ. Torí ká lè fi ẹ́ jẹ Alága, o fẹ́ gba oríkì tí wọ́n fi ki ọmọ ọlọ́mọ. Kò dáa o."

Wọ́n fi Mùnírátù jẹ Alága, ẹnikẹ́ni kò jiyàn. Ó lo àṣẹ rẹ̀ kíákíá: oṣù mẹ́ta, Ládi kò gbọdọ̀ lanu. Ládi fẹ́ rojọ́, Folúkẹ́ fi ìka kan ètè.

Wọ́n tún fi orin náà sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí gbogbo wọn fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó parí, Ládi fọwọ́ júwe sí Muqtadir pé kó tún un fi. Ó tún un fi. Ládi tún júwe. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ohùn Rauf ń sọ pé wáyà ayé rẹ̀ kò ní í já, omi bọ́ lójú Ládi, ó ń ṣàn wá sí irùngbọ̀n.

"Kí ló dé?" Alága tuntun bi í. "Ríwáyà tó o gégùn-ún fún ló wá ń pa ẹ́ lẹ́kún?"

Kò lè dá a lóhùn, ìyà oṣù mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ife sóbò, ó fi bo ojú.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí gẹ́lẹ́. Ohun kékeré kan ni mo fi kún un: Folúkẹ́ kò sin ajá rí, ẹ̀rù ajá ń bà á. Ṣùgbọ́n irú irọ́ tí Ládi pa lọ́jọ́ yẹn, ó yẹ kí nǹkan kan dìde fún un.