Àwọn Káàdì Tí Omi Ò Lè Wọ̀

Ìsọ̀ Tàófíìkì kan ìsọ̀ mi ní Old Market, ní Lọ́kọ́já. Èmi ń gé kọ́kọ́rọ́. Òun ń fi ọ̀rá líle bo ìwé fún àwọn ènìyàn, iṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní lámínéètì. Pákó kan ló là wá láàárín. Bí ó bá wúkọ́, mo máa ń gbọ́.

Ará Ìlọrin ni bàbá bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́já ni wọ́n bí òun àti bàbá rẹ̀ sí. Ọdún tí omi ńlá wọ ilé wọn, inú àpò kan lábẹ́ ibùsùn ni ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà. Nígbà tí omi fà, ohun tó bá nínú àpò náà dà bí ẹ̀kọ tí ènìyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n fún un ní òmíràn. Omi ti kó ìwé tiwọn náà. Kò rí iṣẹ́ ìjọba wọ̀ mọ́. Ó ra ẹ̀rọ lámínéètì.

Níhìn-ín, ẹni tí omi bá ti ba ìwé rẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ohun tó bá fẹ́ràn ni yóò fẹ́ fi ọ̀rá bò. Mo ti rí ìwé ìgbéyàwó lórí tábìlì Tàófíìkì. Mo ti rí àwòrán òkú. Obìnrin kan gbé bébà tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí wá. Tàófíìkì máa ń sọ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan kó tó ki ìwé bọ ẹ̀rọ: "Tí mo bá ti bò ó, kò ṣeé ṣí mọ́ o."

Iṣẹ́ náà dára nígbà kan. Nísinsìnyí, inú fóònù ni àwọn ènìyàn ń tọ́jú ìwé sí. Ẹ̀rọ náà lè tutù láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Agùnbánirọ̀ kan tó ń jẹ́ Ọpẹ́yẹmí ló mú káàdì wá. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́. Àwòrán ẹranko wà lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn, agbára ẹranko náà sì wà nísàlẹ̀. Ènìyàn méjì ló ń ta á. Kálukú á ti kó ọgọ́ta káàdì tirẹ̀ jọ láti ilé. Á pò ó pọ̀, á máa fà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹranko tirẹ̀ á sì bá ti ẹnì kejì jà. Inú kíkójọ yẹn ni ọgbọ́n wà. Ẹni tí kò bá ro bí yóò ṣe kó tirẹ̀ jọ dáadáa, wọ́n ti nà án kó tó jókòó.

Nígbà tí Ọpẹ́yẹmí sìnrú ìlú tán, ó fi páálí káàdì kan sílẹ̀ fún Tàófíìkì. Tàófíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Ó yọ ẹyẹ. Ó yọ iná. Ó yọ jagunjagun. Ohun tó ń gbé inú omi nìkan ló kù lórí tábìlì.

Mo ní, "Tàó, ṣé iná yẹn ò lágbára ni?"

"Ó lágbára, Bàbá. Òun ló lágbára jù."

"Kí ló dé tó o fi yọ ọ́?"

"Omi ló kó tèmi lọ. Kí òun náà wá ṣiṣẹ́ fún mi díẹ̀."

Òyìnbó ni orúkọ tí wọ́n kọ sára wọn. Ó fi orúkọ tiwa pè wọ́n: àrọ̀, ọ̀nì, alákàn, òjìjí. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Káàdì odò wà, káàdì ẹja wà. Odò lo máa kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ kí ẹja tó lè jáde. Ẹja kékeré, odò kan ti tó fún un. Ẹja ńlá á dúró títí odò á fi pọ̀. Bí odò bá pọ̀ jù, o ò lẹ́ja. Bí ẹja bá pọ̀ jù, ọwọ́ rẹ ni wọ́n máa kú sí. Ó ń fi kún un, ó ń yọ níbẹ̀, títí ó fi dúró lórí odò mẹ́rìnlélógún àti ẹja mẹ́rìndínlógójì. Ọ̀kan péré ni kò tíì rí nínú wọn: erinmi, tó jẹ́ olórí gbogbo wọn.

Títílọpẹ́ ló ní in. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ní Felele, iná ló kó jọ ní tirẹ̀. Ó wá sí ìsọ̀ Tàófíìkì kí wọ́n lè ṣe pàṣípààrọ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ máa kábàámọ̀ o," ó wí. "Ejò oníná yìí lẹ fẹ́ fi gba erinmi? Erinmi tó ń rìn bí ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹyán tán?"

"Mú un wá, jàre."

"Bàbá, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo ní ẹ̀rọ mi ń pariwo, mi ò gbọ́ wọn. Tàófíìkì gba erinmi. Láti ọjọ́ náà, ó ń na Títílọpẹ́ títí tí ọmọ náà ò fi fi erinmi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Títílọpẹ́ náà ló mú ìròyìn wá. Ọkùnrin kan, Ọlájídé, fẹ́ ṣí ìsọ̀ káàdì sí Àbújá. Yóò wá sí Felele wá ṣe ìdíje. Ẹni tó bá borí ni yóò gbà síṣẹ́, kó máa kọ́ àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe ń ta á.

Tàófíìkì ní, "Kò ní béèrè ìwé ẹ̀rí?"

"Káàdì yín nìkan ló fẹ́ rí, Bùrọ̀dá."

Tàófíìkì tún béèrè. Ọmọ náà tún dá a lóhùn bákan náà.

Òjò pọ̀ lọ́dún náà. Odò Ọya kún, omi ìdọ̀tí sì ń gba ojú gọ́tà padà sí Old Market. Ọ̀rinrin mú káàdì Tàófíìkì, etí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ìyá rẹ̀, Kàrímọ́tù, gbé oúnjẹ wá fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Tàófíìkì, inú páálí náà lo ṣì kó wọn sí? O ò rí omi ni?"

"Mo rí i, Màmá."

Tàófíìkì ti rí àpò ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára káàdì Títílọpẹ́. Ó sọ fún mi pé ọ̀rá yẹn ò dára. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, omi á wọ̀ ọ́. Ó tan ẹ̀rọ. Ó bo káàdì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọgọ́ta. Ó gé igun wọn róbótó kó má baà gún èèyàn lọ́wọ́. Erinmi ló ṣe kẹ́yìn. Ó da omi sí i lójú, omi náà yọ̀ lọ.

"Ẹ wò ó, Bàbá."

Mo wò ó. Kò sí ibi tí iṣẹ́ náà ti kù díẹ̀ káàtó.

Ó ní kí n sin òun lọ sí Felele. A wọ kẹ̀kẹ́. Gbọ̀ngàn náà kún fún àwọn ọ̀dọ́. Ọlájídé ń yẹ káàdì kálukú wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó mú erinmi, ó gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Kò tẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni. Iṣẹ́ mi ni."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Omi ò lè wọ̀ ọ́."

Ọlájídé ò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga, ó jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, àpò la máa ń kì í bọ̀, àpò tó ṣeé yọ. Káàdì tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, a ò gbọ́dọ̀ ta á nínú ìdíje mọ́. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin náà. Ṣé ẹ lè ṣí i?"

Tàófíìkì gba erinmi náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ èsì rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Títílọpẹ́ dìde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo tèmi. Èmi ò ní ta mọ́." Ọlájídé gbà bẹ́ẹ̀.

Tàófíìkì jókòó ti iná. Ejò tó fi gba erinmi wà nínú wọn. Bí iná ṣe ń jà, kíákíá ni, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tàófíìkì ń dúró. Ó di káàdì rẹ̀ mọ́wọ́, ó ń retí kí nǹkan pọ̀ nílẹ̀ ná, bí ẹni ń retí odò. Ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀ nà án kí ejò náà tó jáde. Ìjókòó àkọ́kọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bá ti nà kì í tún padà.

Ọlájídé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní kó pẹ̀lẹ́. Ẹlòmíràn ló mú lọ sí Àbújá.

Nínú kẹ̀kẹ́, Tàófíìkì yọ abẹ tó fi ń gé ọ̀rá. Ó fi rọra la etí erinmi, ó sì fà á. Ojú erinmi bá ọ̀rá wá. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ funfun. Ó jù ú síta.

Kò pẹ́ sígbà náà tí omi wọlé. A sá lọ sí Karaworo, níbi tí omi ò dé, èmi àti àwọn ti Tàófíìkì. Nígbà tí omi fà, a padà wá ṣí ìsọ̀. Ẹrẹ̀ ti kún inú ẹ̀rọ lámínéètì dé ọrùn. Páálí ti yọ́. Káàdì wà káàkiri nínú ẹrẹ̀.

Kàrímọ́tù bá a ṣà wọ́n. Ó fi omi garawa ṣan ọ̀kan, ó gbé e sókè. Ọ̀nì ni. Gbogbo àwọ̀ rẹ̀ pé.

"Alihamdulilaahi," ó wí. "Wọn ò bàjẹ́."

Tàófíìkì ní, "Wọn ò bàjẹ́, Màmá."

Ó ṣan ìyókù, gbogbo wọn wá jẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Lẹ́yìn náà ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì mi nínú oòrùn, bí ẹni pé nǹkan kan wà lára wọn tó yẹ kó gbẹ.