Àmì Orí Páálí Tíṣà Oyèlárán

Ọjọ́ tí Tíṣà Oyèlárán lé Dókítà Lágúnjú jáde nílé rẹ̀ ní Ilare, bàtà ẹsẹ̀ kan ni ọkùnrin yunifásítì náà wọ̀ dé ìdí mọ́tò rẹ̀. Ogójì páálí ló bá Tíṣà kọ àmì sí lára, àmì kan náà ló sì kọ sí gbogbo wọn: "Oríṣiríṣi".

"Oríṣiríṣi kẹ̀?" ni Tíṣà bi í. "Bí wọ́n bá ní níbo ni ìyàwó rẹ wà, ṣé 'ibi oríṣiríṣi' lo máa sọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo kàn fẹ́ bá yín dín iṣẹ́ kù ni."

"O ṣeun. Dìde, kí èmi náà bá ọ dín ìjókòó kù."

Kí ẹnikẹ́ni tó ní Tíṣà ya wèrè, ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé. Ní 1994, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, páálí ọṣẹ tó ń rà ní ọjà Sábó ló ń gé wẹ́wẹ́. Fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò, á kọ ìbéèrè síwájú, á kọ ìdáhùn sẹ́yìn, á wá fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ kan sí igun òkè: "ẹ̀jẹ̀", "egungun", "ọkàn". Ọ̀rọ̀ yẹn ni àmì. Ẹni tó bá fẹ́ kà nípa ẹ̀jẹ̀ á ṣa gbogbo páálí tó ní àmì ẹ̀jẹ̀, ó parí. Méjìlélógún ni àwọn àmì náà, àlòtúnlò ni wọ́n, ẹni tó bá dá tuntun sílẹ̀ ti wá ìjà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, Yorùbá ni Tíṣà fi ń kọ àmì. Ó ní èdè tí èèyàn fi ń wá ṣíbí tó sọnù nílé ni kó fi wá ìmọ̀.

Mojíre ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Aṣọ ìbùsùn ló ń fọ̀ ní ọsibítù, ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló ń wù ú. Ìdánwò ìwọlé ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá pé ọgbọ̀n ọdún, wọn kò ní gbà á mọ́, ó sì ti pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀fẹ́ ni Tíṣà ń kọ́ ọ, èébú sì ni èènì.

Tíṣà ní kó kọ "àrá" sórí àwọn páálí òjò àti mànàmáná. Mojíre kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, ó bá kó gbogbo wọn mọ́ "ara", ó sì há wọn sórí bẹ́ẹ̀.

"Bí ibà bá mú èèyàn, kí la ó kọ́kọ́ rí?"

"Ìmọ́lẹ̀ ni, sà. Lẹ́yìn náà la ó gbọ́ ariwo."

"Aláìsàn yẹn ti kú," ni Tíṣà wí. "Ìwọ lo pa á."

Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Mojíre náà búra pé òun kò ní padà síbẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, Tíṣà gbé páálí wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló ní kí ẹni tó ń bínú má ka egungun?"

Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí Tíṣà kú. Inú bí Mojíre sí i gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni kò lè dúró. Ẹni tí kì í gbà kí èèyàn fi àmì ohùn kan sílẹ̀, òun ló wá fi odidi èèyàn sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Mojíre bá Kọ́lápọ̀, ọmọ Tíṣà tó ti Èkó wá, lẹ́yìnkùlé, tó ti kó páálí kún àpò méjì, tó mú ìṣáná lọ́wọ́.

"Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Mo fẹ́ sun wọ́n ni. Páálí ọṣẹ ṣá ni."

"Ẹ mú ọ̀kan. Ẹ bi mí."

Kọ́lápọ̀ mú ọ̀kan. "Egungun mélòó ló wà lọ́wọ́ kan?"

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹ mú òmíràn." Ó ń pariwo mọ́ ọn bíi pé ọkùnrin náà ló jẹ̀bi ikú Tíṣà. Nígbà tó di ìkẹwàá, Kọ́lápọ̀ gbé ìṣáná sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bá a ru àpò náà délé.

Mojíre wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ tó tú àpò náà ló máa ń rántí. Ó rí àwọn páálí kan nísàlẹ̀ tí Tíṣà kò tíì kọ àmì sí. Ti àkọ́kọ́ bèèrè ohun tó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ṣé "ọkàn" ni àbí "ẹ̀jẹ̀"? Ó fi bírò pupa kọ "ẹ̀jẹ̀", ó fi àmì ohùn sí i, ó sì dúró kí wọ́n bú òun.

Kò sẹ́ni tó bú u. Ẹkún tó ti ń fi ìbínú dí lẹ́nu bú jáde.

"Ẹ̀jẹ̀ náà ni mo kọ o, Tíṣà," ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dìde, ká jà."