Àǹtí Ooru àti Ìwé Aago Márùn-ún

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi Àǹtí Ooru ṣe súpáfáísọ̀, eré ló sá délé. Ilé náà ò jìnnà. Yàrá kan ni lẹ́yìn ọgbà ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló ni yàrá náà, ẹni tó bá ń bá wọn ṣiṣẹ́ nìkan ló sì lè gbé ibẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ ti dá lọ́dún díẹ̀ ṣáájú, jókòó sójú fèrèsé.

"Màámi, wọ́n ti sọ mí di ọ̀gá o!"

"Ọlọ́run ṣeun. Ṣé wọ́n fi kún owó?"

"Wọ́n fi kún orúkọ."

Ìyá àgbà náà gba lẹ́tà ìgbéga tó mú dání, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ó dáa. Orúkọ la ó máa sè jẹ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni Àǹtí Ooru ń dúró tì. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, torí kò sí ìgbà téèyàn máa rí i tí ojú rẹ̀ ò ní máa dán fún òógùn. Kí lẹ́tà yẹn tó dé, bó bá ṣiṣẹ́ kọjá àsìkò, wọ́n máa ń san ófátáìmù fún un. Lẹ́yìn lẹ́tà náà, máníjà ní kò sóhun tó jọ ọ́ mọ́.

"Súpáfáísọ̀ kì í gba ófátáìmù, Àǹtí. Ọ̀gá ni yín báyìí."

Bí aago márùn-ún bá ti lù, akọ̀wé á gbé ìwé ńlá kan yí gbogbo wọn ká, kálukú á buwọ́ lù ú pé òun ti ń lọ sílé. Bí wọ́n bá buwọ́ lù ú tán, wọ́n á padà sídìí iṣẹ́. Aṣọ ilé ìwòsàn kì í tán. Aago méje á lù, mẹ́jọ á lù, kí dírẹ́bà ilé iṣẹ́ tó wá kó ìdì tó kẹ́yìn lọ sílé ìwòsàn. Ọdún mẹ́jọ ni Àǹtí Ooru fi buwọ́ lu irọ́ yìí lójoojúmọ́.

Ibo ni kó gbà? Yàrá tí owó rẹ̀ kéré jù láàárín ìlú ń gba ìdajì owó oṣù rẹ̀, òkè kẹta ló sì wà, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ kò lè gun àtẹ̀gùn méjì. Bó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á ti kó ẹrù wọn síta kó tó di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, bí máníjà bá ti ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìdì márùn-ún péré ló kù," òun náà á ní, "Kò burú, sà." Á gbé ọ̀rọ̀ mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ dìde láti bu omi mu, ló bá ṣubú. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Nígbà tí Àǹtí Ooru ṣíwọ́ tó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ara ìyá rẹ̀ ló dí i; ó rọra tì í díẹ̀díẹ̀ kó tó ráyè wọlé. Wákàtí méjì gbáko ló ti fi wà nílẹ̀.

"Mò ń rí ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ ilẹ̀kùn," ni ìyá rẹ̀ wí nígbà tó gbé e jókòó. "Bàtà rẹ ń lọ, ó ń bọ̀. Mo ní yóò yà wá sí ọ̀dọ̀ mi láìpẹ́."

Kò sí èébú tó lè dùn ún tó ìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bẹ máníjà pé kó jẹ́ kóun máa ṣíwọ́ ní aago márùn-ún. Máníjà ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìgbà tí aṣọ bá tán niṣẹ́ ń tán. Àbí yàrá yẹn ti sú yín ni?"

Dírẹ́bà ló fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọ́fíìsì ìjọba kan wà tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ lọ síbẹ̀."

Lọ́jọ́ tó ní ìsinmi ìdajì ọjọ́, ó lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ọ̀fìnkìn ń yọ lẹ́nu ló gbà á lálejò. Ó ka lẹ́tà súpáfáísọ̀ náà, ó nu imú, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Màmá, ṣé ẹ lè gba èèyàn síṣẹ́?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ lè lé èèyàn?"

"Èmi kẹ̀?"

"Bí ẹ bá fẹ́ yàgbẹ́, ta lẹ máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Máníjà."

"Irú ọ̀gá wo wá ni yín?"

Àǹtí Ooru bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà di ẹkún lẹ́nu rẹ̀. Ọmọbìnrin náà dúró kó dákẹ́, ó wá là á yé e: iṣẹ́ tí ọwọ́ èèyàn ń ṣe ni òfin ń wò, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà. Owó rẹ̀ ṣì jẹ́ owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta péré ni òfin lè wò sẹ́yìn látọjọ́ tó bá fẹjọ́ sùn. Gbogbo oṣù tó bá fi ń rò ó, oṣù kan ń jábọ́ lẹ́yìn. Wọn ò sì gbọdọ̀ lé e nítorí pé ó fẹjọ́ sùn.

"Yàrá ńkọ́?"

"A lè kọ̀wé pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án títí ẹjọ́ á fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè ṣèlérí."

Àǹtí Ooru gba fọ́ọ̀mù, kò sì láyà láti kọ nǹkan sí i. Ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ń sùn lé e lórí. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni máníjà fúnra rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó gbé èso dání, ó kí ìyá àgbà dáadáa, ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun gbọ́ pé Àǹtí ń rìn kiri. Ó yọ bébà kan: bó bá buwọ́ lù ú pé ilé iṣẹ́ ò jẹ òun ní gbèsè kankan, owó oṣù kan yóò wọlé fún un lọ́la. Ó na bírò sí i.

Àǹtí Ooru gba bírò. Yàrá náà há mọ́ ọn bí ìgbà tí wọ́n dé ìdérí lé ìkòkò.

"Kà á sí mi létí," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó kà á títí dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kò ṣiṣẹ́ kọjá aago márùn-ún rí.

"Lọ́jọ́ tí mo wà nílẹ̀, iṣẹ́ ta lò ń ṣe nígbà náà?"

Àǹtí Ooru dá bírò padà fún oníbírò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, fọ́ọ̀mù ti dé ọ́fíìsì.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, lọ́yà ilé iṣẹ́ gbé ìwé ńlá náà síwájú rẹ̀. Aago márùn-ún, aago márùn-ún, aago márùn-ún, ìfọwọ́sí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. "Ṣé ọwọ́ yín kọ́ nìyí, Màmá?" Àǹtí Ooru rí i pé ọwọ́ òun gan-an lòun fi so òkùn mọ́ ara òun lọ́rùn.

Ọmọbìnrin ọlọ́fìnkìn láti ọ́fíìsì ló wá tú ìdì ìwé mìíràn. Gbogbo ìgbà tí dírẹ́bà bá kó ìdì tó kẹ́yìn, Àǹtí Ooru ló ń buwọ́ lu ìwé ẹrù, wọ́n sì ń kọ aago sí i. Ilé ìwòsàn tọ́jú ẹ̀dà tiwọn, ọ́fíìsì sì ti kọ̀wé gbà á. Ọjọ́ kan náà, ọwọ́ kan náà: aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́jọ ààbọ̀, mẹ́jọ.

"Bóyá ó kàn ń kọjá lọ ni," ni lọ́yà wí.

"Fún ọdún mẹ́ta?" ni adájọ́ béèrè.

Wọ́n dá a láre: ófátáìmù ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú owó ìtanràn, kí ilé iṣẹ́ san án lóṣooṣù fún ọdún kan. Ọdún márùn-ún ìṣáájú ti wọmi, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ jáde. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ bá sì san owó náà tán ni kí Àǹtí Ooru àti ìyá rẹ̀ kó jáde nínú yàrá.

Ó gbìyànjú láti ríṣẹ́ síbòmíràn. Ilé ìfọṣọ mẹ́ta ló dé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, wọn ò sì gbà á. Nítorí náà, ó ṣì ń dúró ti ẹ̀rọ kan náà lábẹ́ máníjà kan náà, tó ń kí i báyìí bí ẹni ń kí àlejò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í bá a jẹun pọ̀ mọ́ lójú máníjà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tó ń ká aṣọ, ẹni tí wọ́n fún ní lẹ́tà súpáfáísọ̀ tuntun, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò dúró, ó kàn béèrè lóhùn kékeré pé, "Àǹtí, òpópónà wo ni ọ́fíìsì yẹn wà?"

Àǹtí Ooru sọ fún un láìyíjú.

Lóṣù kẹwàá tí wọ́n ti ń san owó náà, ó rí yàrá kan nísàlẹ̀ ilé, tí kò ní àtẹ̀gùn, ibùdókọ̀ méjì sí ibi iṣẹ́. Ọkọ̀ ilé ìfọṣọ ni dírẹ́bà fi gbé ìyá àgbà lọ, lórí ìdì aṣọ mímọ́. Fèrèsé ibẹ̀ kọjú sí ògiri. Ìyá rẹ̀ ní ògiri náà ò lẹ́wà rárá, ó sì ní kí wọ́n sún àga òun sẹ́nu ọ̀nà, kóun lè máa rí ọmọ òun bó bá ń bọ̀.