Ìjà Tó Bẹ́ Sílẹ̀ Lórí Ìlù Inú Tábílẹ́ẹ̀tì

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù inú tábílẹ́ẹ̀tì, ìlù gidi ni mò ń lù. Àdá ló bà á jẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jọ ń ṣeré orin kiri, òun ló ń kọrin tó sì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, èmi ni onílù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, à ń kó ẹrù wa sínú mọ́tò ní gáréèjì Orè nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ gáréèjì. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìgò ti ń fò. Ẹnì kan sá wá fara pa mọ́ sẹ́yìn ìlù wa, ẹni tó ń lé e sì ń ṣá ìlù náà bí ẹni ń ṣán oko. Awọ rẹ̀ fàya, igi rẹ̀ là. Mo na ọwọ́ láti fà á kúrò, àdá sì bà mí lápá. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ló fi ìborùn rẹ̀ di ojú ọgbẹ́ náà.

"Ṣé torí ìlù lo ṣe fẹ́ kú?" ló ń pariwo. "Ó le kú, ìjà Orè rèé o!"

Apá mi jinná, àmọ́ kò lè gbé ìlù ńlá mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ra páàdì rọ́bà tí wọ́n ń so mọ́ tábílẹ́ẹ̀tì. Páàdì yìí kò ní ohùn kankan lára. Bí mo bá lù ú, nọ́ńbà ló ń fi ránṣẹ́ gba inú wáyà. Nọ́ńbà yẹn ni áàpù inú tábílẹ́ẹ̀tì fi ń mọ̀ bóyá ìlù ńlá ni kí òun dún tàbí aro onírin. Mídì ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí nọ́ńbà ń gbà lọ yìí.

Wọ́n pè wá síbi ìsìnkú àgbẹ̀ kòkó kan ní Omifunfun. Ọ̀kadà la gùn láti Odigbó, mo fi itan mi méjèèjì há àpò páàdì, kòtò ọ̀nà sì ń gbé wa sókè sódò. Nígbà tí wọ́n gbé pósí jáde, ẹ̀gbọ́n mi dá orin, mo sì lu ìlù ńlá. Kéǹ! Agogo ló dún. Mo tún lù ú. Kéǹ! Mo lu aro, àtẹ́wọ́ bá a dún pọ̀. Ẹ̀rín gba àwọn tó gbé pósí, ọ̀kan kọsẹ̀, òkú fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

Àkọ́bí olóògbé ya wá bá wa. "Ṣé bàbá wa lẹ fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́?" Ó gbá ẹ̀gbọ́n mi létí. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè gbá ọmọ olókùú padà, ló bá yíjú sí mi, ó sì kan ẹ̀ṣẹ́ mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi.

"Ṣebí mo ní kó o yẹ̀ ẹ́ wò nílé!"

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀gbọ́n mi!"

Ó tún gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè. Mo rọ̀ mọ́ ọn níbàdí, a yí gbiri sórí kòkó tí wọ́n sá sílẹ̀. Mò ń fi orí kàn án láyà, mo sì ń pariwo pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀! Màá pa yín lónìí!" Ó bu èjìká mi jẹ.

Opó olóògbé, ìyá arúgbó, ló da garawa omi lé wa lórí. "Òkú kan ni mo fẹ́ sin lónìí," ló wí. "Ẹ jókòó, kí ẹ tún nǹkan yín ṣe. A ó dúró."

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa lu páàdì, kí èmi máa wo tábílẹ́ẹ̀tì. Ó ń lù ú bí ẹni pé orí mi ni. Lẹ́yìn tí mo yẹ̀ ẹ́ wò tán láàárọ̀, mo ti ṣí áàpù ìlù mìíràn láti gbọ́ ohùn rẹ̀, n kò sì pa á. Ó wà lábẹ́lẹ̀, ó ń gba nọ́ńbà kan náà, ó sì ń dún ohun tó wù ú. Mo pa á. Agogo dákẹ́, àmọ́ ìlù ńlá náà kò dún.

"O ti bà á jẹ́ pátápátá!" Ẹ̀gbọ́n mi gbé páàdì sókè láti là á mọ́lẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi gbogbo agbára lọ́ ọ títí ó fi gbé e kalẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ẹnu mi kán sójú tábílẹ́ẹ̀tì, kò gbọ́ ti ìka mi mọ́. Mo fi ẹ̀wù nù ún. Nígbà náà ni mo rí bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ páàdì, èyí tó ń pààrọ̀ nọ́ńbà: itan mi ti tẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀kadà, nọ́ńbà ìlù ńlá sì ti yí padà. Áàpù kò mọ̀ ọ́n mọ́. Mo tẹ àwòrán ìlù ńlá mọ́lẹ̀ títí áàpù fi ní kí n lu èyí tí mo fẹ́ kí ó máa gbọ́.

"Ẹ lù ú."

Ó lù ú. Ó dún gììrì, àwọn adìẹ fọ́n ká.

A sin bàbá náà tìlù tìlù, èmi pẹ̀lú ètè wíwú, òun pẹ̀lú ẹ̀wù fífàya. Kò sí ẹni tó bẹ ẹnì kejì. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ọ̀kadà la gbé padà, onílù mìíràn ló sì ń bá ẹ̀gbọ́n mi ṣeré báyìí. Bí a bá pàdé nílé ìyá wa, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó máa ń ní, "O káre," yóò sì máa wo ibòmíràn.