Ẹja Tí Wọn Kò Tà fún Bàbá Mi

Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán àná, èmi àti àbúrò mi obìnrin ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú. Òórùn ẹja yíyan gba inú atẹ́gùn wá, mo sì rántí ọ̀sán kan ní Ẹ̀pẹ́ nígbà èwe mi.

Eléré orí ìtàgé ni bàbá mi. Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ó ṣe ọkọ tó fi májèlé pa ìyàwó rẹ̀ nínú eré kan. Nígbà tí èmi àti òun lọ ra ẹja, ìyá ẹlẹ́ja fi aṣọ bo àtẹ rẹ̀.

"N ò tajà fún apààyàn."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, eré ni," bàbá mi bẹ̀ ẹ́.

"Omi tó dà lójú mi ńkọ́, ṣé eré nìyẹn náà?"

Mo rò pé gbogbo ìlú ti kórìíra bàbá mi, ṣùgbọ́n òun ń rẹ́rìn-ín músẹ́ délé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé, títí tó fi darúgbó sídìí eré, kò gba ìyìn tó dùn mọ́ ọn jùyẹn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú màmá mi, tó ṣe ìyàwó nínú eré náà, lọ bá ìyá ẹlẹ́ja. Ìyá wo màmá mi títí.

"Ìyàwó, o tún padà sọ́dọ̀ ẹ̀?"

Màmá mi ra ẹja. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó rù ú délé.