Orúkọ Tí Wọn Ò Ní Kí Modinat Rán

Ṣọ́ọ̀bù Modinat wà ní Lilburn, láàárín ilé ìfọṣọ àti ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ṣòkòtò tó gùn jù, gáùnù ìyàwó tó fún jù, síìpù tó já: ohun tí wọ́n ń gbé wá bá a nìyẹn láti ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń ránṣọ níbẹ̀. Ọmọ Ẹdẹ ni. Abdussalam, ọkọ rẹ̀, ló mú un wá sí Amẹ́ríkà. Ọkọ náà ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Hanifah, sì ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní àárín ìlú Atlanta.

Kò wá iṣẹ́ họ́kì kiri, iṣẹ́ náà ló wá bá a. Ẹgbẹ́ kékeré kan wà ní agbègbè yẹn tó ń gbá họ́kì lórí yìnyín, irú èyí tí wọ́n ń sanwó fún àwọn eléré rẹ̀ lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, tí kì í sábà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ kan, Wendell, òyìnbó tó ń tọ́jú aṣọ wọn, gbé jẹ́sì kan tó ya wá. Modinat rán an débi pé Wendell wá ojú ibi tó ya náà tì. Láti ọjọ́ náà ló ti di ẹni tó ń rán orúkọ sẹ́yìn aṣọ àwọn eléré.

Kò pẹ́ tó fi rí i pé títú pọ̀ ju rírán lọ nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Líìgì ti fi gbèdéke sí iye tí ẹgbẹ́ kan lè san fún gbogbo eléré rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, nítorí náà, bí ẹni tuntun bá wọlé, ẹni àtijọ́ kan ní láti jáde. Wọ́n lè gba èèyàn lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n ní kó máa lọ lọ́jọ́bọ̀. Modinat á mú bíléèdì, á máa já òwú orúkọ ẹni tó lọ lẹ́yọ lẹ́yọ kí aṣọ má baà ya. Wendell ti kìlọ̀ fún un pé ohunkóhun tó bá rí nínú àpò aṣọ kò gbọdọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù, torí pé òun ló máa ń mọ̀ ṣáájú ẹni tọ́rọ̀ kàn. Ó ṣèlérí. Lójú tirẹ̀, àmánà ni, ohun ìfipamọ́ tí Ọlọ́run máa bi í léèrè.

Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan péré ló ń jẹ́ orúkọ ilé: Nathaniel Oyèwùmí, tí bàbá àti ìyá tó ti Ìbàdàn lọ bí sí Winnipeg ní Kánádà. Nígbà tí Modinat kọ́kọ́ rán orúkọ rẹ̀, ó gé aṣọ tín-ín-rín mẹ́ta, ó sì rán wọn sórí àwọn lẹ́tà náà bí àmì ohùn. Wendell bi í pé kí ni ìdọ̀tí wá ṣe lórí orúkọ, ṣùgbọ́n ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì Nathaniel fúnra rẹ̀ wá. Ohùn Yorùbá rẹ̀ ń yẹ̀ lẹ́nu, àmọ́ ó gbìyànjú. Ó ní inú Bíbélì bàbá òun nìkan lòun ti rí orúkọ òun báyẹn rí. Ló bá ń pè é ní Aunty. Nígbà tó yá, ó mú ìyàwó rẹ̀ wá, Ṣìkẹ́mi, nọ́ọ̀sì ní Lawrenceville. Ṣìkẹ́mi a máa yà níbẹ̀ tó bá parí shift, á bọ́ bàtà, á nasẹ̀, á jẹ ohun tí Modinat bá gbé wá láti ilé.

Ọdún karùn-ún tí Nathaniel ti wà nínú ẹgbẹ́ náà, ẹgbẹ́ tuntun kan láti Iowa fẹ́ wọ líìgì. Kò ní eléré kankan, nítorí náà wọ́n gbà á láyè kó mú ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ti wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè kọ orúkọ eléré mẹ́sàn-án pamọ́; ẹgbẹ́ tuntun kò lè fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn tó kù wà ní gbangba, kó mú èyí tó bá wù ú. Ẹni tó ti pẹ́ ni owó rẹ̀ máa ń pọ̀, irú wọn ni wọ́n sì sábà máa ń fi sílẹ̀, kí owó lè rọlẹ̀ sábẹ́ gbèdéke.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n pa mọ́ jáde, Wendell gbé jẹ́sì tuntun mẹ́sàn-án wá àti orúkọ mẹ́sàn-án nínú ìwé. Modinat kà á lẹ́ẹ̀mejì. Oyèwùmí kò sí níbẹ̀. Ó bi Wendell bóyá ó gbàgbé ẹnì kan. Wendell wolẹ̀, ó ní rárá.

Lọ́jọ́rú, ọjọ́ kejì, ni tọkọtìyàwó náà wá. Kíndìnrín ìyá Ṣìkẹ́mi ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀ ní Winnipeg, ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ sì ti fún Ṣìkẹ́mi níṣẹ́, kó lè wà nítòsí ìyá rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fèsì kó tó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ó ti lóyún oṣù méjì. Nathaniel ní kóòṣì ti fi òun lọ́kàn balẹ̀ pé ẹgbẹ́ ò ní jẹ́ kí òun lọ. Bí òun àti Ṣìkẹ́mi bá lè fara da sáà kan péré sí i, àwọn á jọ lọ sí Winnipeg ni.

Ṣìkẹ́mi ní, "Aunty, kí lẹ rí sí i?"

Ìwé orúkọ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ tí orúnkún Modinat fara tì. Ó ní kí wọ́n fi sínú àdúrà, pé Ọlọ́run á ṣọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n lọ, ó pe Hanifah. Hanifah ní kó má dá sí i, pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ Wendell, àti pé ẹgbẹ́ tuntun náà lè mú ẹlòmíì. Modinat di "ó lè" yẹn mú. Lọ́jọ́bọ̀ ó gbé fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ṣìkẹ́mi kọ iṣẹ́ náà.

Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Iowa mú Nathaniel. Lórí fóònù ni kóòṣì ti sọ fún un, ọ̀rọ̀ náà kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí kò bá lọ, kò ní gbá họ́kì kankan lọ́dún náà. Ṣìkẹ́mi ò lè bá a lọ. Lawrenceville ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, ìbánigbófò tó ń san owó dókítà rẹ̀ sì so mọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án ń parí lọ, Nathaniel kó ẹrù sọ́kọ̀, ó yà kí Modinat. Modinat ti pinnu láti jẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ náà. Àdúrà ló ṣe fún un.

Ìyá Ṣìkẹ́mi kú nínú oṣù Kọkànlá. Oyún ti wọ oṣù kẹjọ, dókítà ò jẹ́ kó wọ bàálù. Lórí fóònù ló ti wo ìsìnkú ìyá rẹ̀.

Modinat se ìrẹsì, ó gbé e lọ sí ilé rẹ̀. Ọwọ́ ni Ṣìkẹ́mi fi ń ti ẹ̀yìn ara rẹ̀ bó ṣe jókòó. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ náà. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ohun tó ń dùn mí ni pé a ò mọ̀. Ká ní ẹnì kan sọ fún wa ni, ǹ bá ti fi oṣù mẹ́rin tọ́jú màmá mi."

Modinat lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í.

"Ṣìkẹ́mi, mo mọ̀."

Ó ṣàlàyé ìwé náà fún un, àti ìlérí tó ṣe fún Wendell. Ṣìkẹ́mi fetí sílẹ̀ títí ó fi parí.

"Lọ́jọ́ tá a wá bá yín?"

"Àná ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀."

"Ẹ sì ní ká gbàdúrà."

Ṣìkẹ́mi di àga mú, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó lọ ṣílẹ̀kùn. Kò pariwo. "Ẹ máa lọ, ma," ló sọ. "Ẹ jọ̀ọ́."

Ó bí obìnrin nínú oṣù Kejìlá. Ọjọ́ kejì ni Nathaniel tó dé. Nígbà tí sáà parí, Nathaniel fi họ́kì sílẹ̀, wọ́n kó lọ sí Winnipeg. Ẹnu nọ́ọ̀sì kan tó gbé yúnífọ́ọ̀mù wá ni Modinat ti gbọ́ pé wọ́n ti lọ. Nathaniel pè é lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ní òun ò bínú, iṣẹ́ niṣẹ́, ṣùgbọ́n kó má pe ìyàwó òun ná.

Modinat sọ fún Wendell pé kó wá ẹlòmíì. Wendell rò pé owó ni, ó fẹ́ fi kún un. Modinat ní kì í ṣe owó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ó dúró de Ustaz Abdulqoyyum, ààfáà mọ́ṣáláṣí wọn, ó sì rò fún un látìbẹ̀rẹ̀. Ustaz ní kò dẹ́ṣẹ̀, àmánà ló pa mọ́. Modinat dúpẹ́. Ó ní, "Ṣùgbọ́n àwọn náà gbé ọ̀rọ̀ wọn fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ìyẹn kì í ṣe àmánà ni?" Ustaz ní òun á bá a ṣàdúrà sí i.

Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún kan, Modinat kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí Ṣìkẹ́mi, ó fi gbàdúrà fún ọmọ, ó sì tún bẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Oníbàárà kan wà lórí àpótí níwájú rẹ̀, tí Modinat ń wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, nígbà tí èsì dé.

"Ẹ ṣé, ma."

Kò sí nǹkan míì. Modinat fi ọwọ́ nu ojú, ó ní kí ọkùnrin náà dúró gbọọrọ, ó sì kó píìnì sẹ́nu láti máa wọn ẹsẹ̀ kejì.