Ihò tí Tíṣà Evandro Rí Nínú Háídrójìn

Títí dòní, bí oúnjẹ bá pẹ́ lórí iná ní Rovarolo, ìlú wa, wọn á ní, "Ṣé Evandro ló ń sè é ni?" Ọjọ́ Kérésìmesì yẹn ni wọ́n ń rántí. Evandro Stagni, tíṣà fìsíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, pè wá ká wá jẹ tortellini, ìyẹ̀fun tí wọ́n dì mọ́ ẹran, tí òun máa sè láìdáná. Ó ri ọ̀pá irin kan bọ ìkòkò omi ẹran. Lẹ́búlẹ́bú níkẹ̀lì àti háídrójìn ló wà nínú ọ̀pá náà. A di ṣíbí mú. A dúró dúró, ọ̀rá dì lójú omi.

"Tíṣà, ooru yín dà?" Gualtiero alápatà bi í.

"Ó ń bọ̀."

"Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni?"

Ersilia, ẹ̀gbọ́n Evandro obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, gbé ìkòkò náà lọ sórí gáàsì.

Ìwé sọ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù háídrójìn kò lè sún mọ́ àárín kọjá ibì kan. Evandro ní irọ́ ni, ihò kan wà nísàlẹ̀. Bó bá já síbẹ̀, háídrójìn á fún pọ̀, á ki, á tú ooru jáde. Ta ló rí i? Evandro alára ò rí i!

Ó lọ ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì ní Bologna. Ọ̀kan ní, "Bàbá, bí ihò bá wà, kí ló dé tí gbogbo háídrójìn ayé ò tíì já sí i?"

"Ọ̀lẹ ni wọ́n," ó dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Òpònú wa rò pé òun borí.

Nígbà kan ọ̀pá náà gbóná, Evandro sì sáré lọ lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. A rò pé ilé ń jó. Àṣé Ersilia ló gbé ìkòkò kọfí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tì í.

Látìgbà yẹn, kò wá ìyìn ẹnikẹ́ni mọ́ àfi ti Ersilia. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà gbà mí gbọ́, lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ọjọ́ tí mo bá fọwọ́ kàn án tó gbóná ni mo máa gbà." Ersilia kì í purọ́, àní fún àlùfáà.

Nígbà tí àìsàn dá Evandro gúnlẹ̀ ní ọsibítù, ọ̀pá rẹ̀ ló ń béèrè. Ersilia gbé e rìn nínú yìnyín, ó fi í mọ́ ikùn lábẹ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó fi í lé e lọ́wọ́.

"Ó gbóná!" Evandro ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó gbóná! Ṣé ẹ gbà báyìí?"

"Ó gbóná, àbúrò mi," ni Ersilia wí. "Mo ti fọwọ́ kàn án."